Ta Ni Agbèfọ́ba Ń Gbè Fún?

Iṣẹ́ tí wọ́n yàn fún mi lónìí ni láti sọ̀rọ̀ lórí ẹni tí a ń pè ní agbèfọ́ba. Ẹni tí ó bá ti dé kóòtù májísíréètì rí yóò ti rí i. Òun ni ó ń dìde ní orúkọ ìjọba, tí yóò pe ẹlẹ́rìí, tí yóò sì sọ fún adájọ́ bóyá kí wọ́n fún olùjẹ́jọ́ ní béèlì tàbí kí wọ́n má fún un. Adájọ́ ni gbogbo wa ń bẹ̀rù. Ṣùgbọ́n kí ẹjọ́ tó dé ọ̀dọ̀ adájọ́ rárá, ẹnìkan ti pinnu ẹni tí wọn yóò pè lẹ́jọ́ àti ẹni tí wọn yóò fi sílẹ̀. Agbèfọ́ba àti àwọn ọ̀gá rẹ̀ ni ìpinnu yìí wà lọ́wọ́ wọn.

Ẹ wo orúkọ náà dáadáa. Bí a bá gbọ́ ọ lásán, ẹni tí ń gbè fún ọba ni. Nígbà ìjọba òyìnbó amúnisìn, ọba tí wọ́n ń pe ẹjọ́ ọ̀daràn ní orúkọ rẹ̀ kì í ṣe Aláàfin, kì í sì í ṣe Aláké. Ọba Gẹ̀ẹ́sì tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ni. Ìbéèrè mi sí yín nìyí: bí ọba bá fẹ́ ohun kan, tí òtítọ́ sì jẹ́ ohun mìíràn, ta ni agbèfọ́ba yóò gbè fún?

Iṣẹ́ náà bí ó ti yẹ kí ó rí

Nínú òfin Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n kó wá bá wa, iṣẹ́ agbèfọ́ba kì í ṣe pé kí ó borí dandan. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó kó gbogbo ohun tí ó mọ̀ nípa ọ̀ràn náà síwájú adájọ́, èyí tí yóò pa olùjẹ́jọ́ lára àti èyí tí yóò gbà á sílẹ̀. Bí olùjẹ́jọ́ bá lọ sílé ní àlàáfíà nítorí pé kò jẹ̀bi, agbèfọ́ba kò pàdánù ohunkóhun. Ó ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí ó dára ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀kọ́ náà wọ ọkọ̀ ojú omi láti Lọ́ńdọ̀nù, kò dé èbúté wa ní pípé.

Ní ilẹ̀ tí òyìnbó ń ṣàkóso, Agbẹjọ́rò Àgbà ìjọba ni olórí gbogbo agbèfọ́ba. Ọkùnrin yìí kan náà ni ó ń jókòó nínú ìgbìmọ̀ Gómìnà, tí ó ń bá Gómìnà gbìmọ̀ ohun tí ìjọba fẹ́, tí ó sì ń kọ òfin tí wọn yóò fi ṣe é. Bí ó bá kúrò ní ìpàdé, òun náà ni yóò tún pinnu ẹni tí wọn yóò pè lẹ́jọ́ lábẹ́ òfin náà.

Ní Nàìjíríà tiwa, ó tilẹ̀ burú ju bẹ́ẹ̀ lọ fún ìgbà kan. Nígbà tí Lugard so Àríwá àti Gúúsù pọ̀ ní 1914, ó dá àwọn kóòtù ìgbèríko sílẹ̀, ó sì fi àwọn ajẹ́lẹ̀ ṣe adájọ́ níbẹ̀. Ajẹ́lẹ̀ yìí ni ó ń ṣàkóso agbègbè, òun náà ni ó ń mójú tó owó orí. Lọ́yà kò sì gbọdọ̀ dúró fún ẹnikẹ́ni níwájú rẹ̀. Ó di 1933 kí wọ́n tó pa àwọn kóòtù wọ̀nyí rẹ́. Fún ọdún mọ́kàndínlógún, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ àti oníṣòwò ní ìgbèríko jẹ́jọ́ níwájú ẹni tí ó jẹ́ aláṣẹ àti adájọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, láìsí ẹni tí yóò bá wọn sọ̀rọ̀. Àwọn baba wa ní, a gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà.

Kì í ṣe Nàìjíríà nìkan ni irú èyí ti ṣẹlẹ̀. Mo fẹ́ mú yín lọ sí Kẹ́ńyà, ní ìlà oòrùn Áfíríkà, fún ìdí méjì. Ìdí kìíní ni pé púpọ̀ nínú ìwé àṣírí ìjọba ibẹ̀ ti jáde, a sì ti rí ohun tí wọ́n sọ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ìdí kejì ni pé ọmọ Èkó kan wà lára àwọn tí wọ́n lọ gbèjà olùjẹ́jọ́ níbẹ̀.

Wọ́n mú un ná, wọ́n tó wá ẹ̀sùn

Ní Kẹ́ńyà, ilẹ̀ olókè tí ó tutù, tí ó sì lọ́ràá, ni ìjọba yà sọ́tọ̀ fún àwọn àgbẹ̀ òyìnbó. Ọ̀pọ̀ àwọn Kikuyu wá di alágbàṣe lórí ilẹ̀ tí àwọn òyìnbó gbà. Inú bí wọn. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í mulẹ̀ ní òru pé àwọn yóò lé òyìnbó lọ. Ẹgbẹ́ yìí ni ayé mọ̀ sí Mau Mau. Ìjọba fi òfin dè é ní 1950. N kò ní tan yín: Mau Mau pa ènìyàn, wọ́n sì pa ọ̀pọ̀ aláwọ̀ dúdú bíi tiwọn, títí kan obìnrin àti ọmọdé. Ìjọba ní ẹ̀tọ́ láti wá apànìyàn kàn. Ohun tí à ń bèèrè ni bóyá ẹni tí wọ́n mú ni ó ṣe é.

Jomo Kenyatta ni ààrẹ ẹgbẹ́ òṣèlú àwọn aláwọ̀ dúdú, Kenya African Union, láti 1947. Ní oṣù Kẹjọ 1952, ó dúró níwájú ọ̀pọ̀ èrò ní Kiambu, ó sì bu ẹnu àtẹ́ lu Mau Mau. Síbẹ̀, ní ogúnjọ́ oṣù Kẹwàá ọdún náà, Gómìnà Evelyn Baring kéde òfin pàjáwìrì. Ní òru náà ni wọ́n lọ gbé Kenyatta àti àwọn ẹlòmíràn. Nígbà tí ó di oṣù Kọkànlá, wọ́n fi ẹ̀sùn kan òun àti àwọn márùn-ún pé àwọn ni olórí Mau Mau. Orúkọ àwọn márùn-ún náà ni Bildad Kaggia, Fred Kubai, Paul Ngei, Achieng Oneko àti Kung'u Karumba. Ẹ ṣàkíyèsí ètò náà. Wọ́n mú ènìyàn ná, wọ́n tó máa wá ẹ̀rí. Ó dà bí ẹni tí ó so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀ tán, tí ó wá ń kiri ilé bèèrè pé iṣu ta ni ó jẹ.

Wọn kò ṣe ẹjọ́ náà ní Nairobi níbi tí èrò wà. Kapenguria ni wọ́n gbé e lọ, ìlú kékeré kan tí kò jìnnà sí ààlà Uganda, tí àlejò kò lè wọ̀ láìgba ìwé àṣẹ. Kò sí òtẹ́ẹ̀lì níbẹ̀, kò sí ọkọ̀ ojú irin. Ilé ìwé ni wọ́n sọ di kóòtù. Kitale ni àwọn lọ́yà ń sùn, wọn a sì wa ọkọ̀ lọ, wọn a wa ọkọ̀ bọ̀. Adájọ́ kan ṣoṣo, Ransley Thacker, tí ó ti fẹ̀yìn tì tẹ́lẹ̀, ni ó gbọ́ ẹjọ́ náà.

Àwọn lọ́yà wá láti ibi gbogbo láti gbèjà àwọn mẹ́fà yìí. D. N. Pritt wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí olórí wọn. Chaman Lall wá láti Índíà. Dudley Thompson, ọmọ Jàmáíkà, wà níbẹ̀. Láti Nàìjíríà, Hezekiah Oladipo Davies wá, ọmọ Èkó tí àwọn àgbà wa mọ̀ sí H. O. Davies, ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú Nigerian Youth Movement. Àwọn lọ́yà tí wọ́n ń gbé ní Kẹ́ńyà náà dara pọ̀ mọ́ wọn. Ẹjọ́ àwọn ẹlòmíràn ni, ní ilẹ̀ tí ó jìnnà, ṣùgbọ́n ọmọ wa kò sọ pé kò kan òun.

Ẹlẹ́rìí tí wọ́n ṣe ìlérí fún

Agbèfọ́ba ní Kapenguria ni Anthony Somerhough. Ẹ má rò pé ìkà kan tí kò mọ òfin ni. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, òun ni ó ṣe olórí àwọn ológun Gẹ̀ẹ́sì tí ń wádìí ìwà ọ̀daràn ogun ní Jámánì, tí wọ́n ń wá àwọn tí wọ́n pa aláìṣẹ̀ nígbà Hitler kàn. Ẹni tí ó mọ bí a ti ń to ẹ̀rí jọ ni. Ìdí nìyí tí mo fi dárúkọ rẹ̀. Kì í ṣe ènìyàn búburú nìkan ni ètò búburú ń lò. Ènìyàn tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú ni ó wúlò fún un jù.

Ẹlẹ́rìí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wúwo jù ní ẹjọ́ náà ni Rawson Macharia. Ó ní òun wà níbẹ̀ ní oṣù Kẹta 1950 nígbà tí Kenyatta ń mú àwọn ènìyàn mulẹ̀ Mau Mau. Ọ̀pọ̀ ẹlẹ́rìí wá sọ ní ìhà kejì pé kò rí bẹ́ẹ̀. Thacker ní Macharia ni òun gbà gbọ́. Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù Kẹrin 1953, ó rán àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún méje pẹ̀lú iṣẹ́ àṣekára. Kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn wá dá Oneko sílẹ̀ nígbà tí ó yá, síbẹ̀ ìjọba kò jẹ́ kí ó lọ sílé.

Ohun tí ará ìlú kò mọ̀ nígbà náà nìyí. Gómìnà ti kọ̀wé sí Lọ́ńdọ̀nù pé àwọn ti sa gbogbo ipá àwọn láti fi ẹ̀bùn fa àwọn ẹlẹ́rìí mọ́ra. Àwọn òpìtàn tí wọ́n yẹ ìwé ìjọba wò sì ti fi hàn pé ìjọba fún adájọ́ Thacker ní £20,000 ní ìkọ̀kọ̀. Macharia ní tirẹ̀ gba ìlérí pé wọn yóò rán an lọ kàwé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní Exeter, pé wọn yóò máa bọ́ ìdílé rẹ̀, àti pé iṣẹ́ ìjọba yóò máa dúró dè é nígbà tí ó bá padà dé. Ó sì lọ. Nígbà tí ẹjọ́ ń lọ ní Kapenguria, kò sí ẹni tí ó fi ìlérí yìí han àwọn lọ́yà olùjẹ́jọ́. Ẹ rántí ohun tí mo sọ níṣàájú: iṣẹ́ agbèfọ́ba ni kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ síwájú adájọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka Bíbélì ti mọ irú ẹjọ́ yìí. Nábótì ní ọgbà àjàrà, Áhábù fẹ́ ẹ. Jésébẹ́lì kọ lẹ́tà ní orúkọ ọba, ó fi òǹtẹ̀ ọba lù ú, ó sì ní kí wọ́n wá ẹlẹ́rìí méjì. Wọ́n pe àpéjọ, wọ́n gbọ́ ẹ̀rí, wọ́n dájọ́. Gbogbo ètò òfin ni wọ́n tẹ̀ lé. Òtítọ́ nìkan ni kò sí níbẹ̀.

Ọdún kan, ìdájọ́ méjì

Àwọn àgbà ní, bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ti Macharia kò tó ogún ọdún. Ní 1958, ó lọ búra nínú ìwé pé irọ́ ni òun pa ní Kapenguria, ó sì sọ ohun tí wọ́n ṣèlérí fún òun. Kí ni ìjọba ṣe? Wọ́n pe Macharia lẹ́jọ́. Kì í ṣe nítorí irọ́ tí ó sọ Kenyatta sẹ́wọ̀n o. Wọ́n pè é lẹ́jọ́ nítorí pé ó ní irọ́ ni òun pa. Wọ́n ní ìwé ìbúra rẹ̀ tuntun ni irọ́, wọ́n sì sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ní 1959.

Ní 1959 yìí kan náà, ní oṣù Kẹta, àwọn wọ́dà fi kùmọ̀ lu àwọn ẹlẹ́wọ̀n ní àgọ́ Hola nítorí wọ́n kọ̀ láti ṣiṣẹ́. Ènìyàn mọ́kànlá kú. Ìjọba kọ́kọ́ kéde pé omi tí wọ́n mu ló fà á. Nígbà tí wọ́n yẹ òkú wọn wò, àpá ìlù ni wọ́n rí. Ènìyàn mélòó ni wọ́n pè lẹ́jọ́ fún ikú mọ́kànlá? Kò sí ẹnì kan ṣoṣo.

Ẹni kan náà ni Agbẹjọ́rò Àgbà nígbà méjèèjì. Eric Griffith-Jones ni orúkọ rẹ̀. Nínú lẹ́tà kan tí ó kọ sí Gómìnà ní 1957 lórí lílù tí wọ́n ń lu àwọn tí ó wà ní àgọ́, ó sọ ọ́ kedere pé bí àwọn yóò bá dẹ́ṣẹ̀, kí àwọn dẹ́ ẹ ní jẹ́jẹ́. Olórí agbèfọ́ba gbogbo ilẹ̀ Kẹ́ńyà ni ó sọ bẹ́ẹ̀, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti bá ẹlẹ́ṣẹ̀ wí lábẹ́ òfin. Ó pe ohun náà ní ẹ̀ṣẹ̀ fúnra rẹ̀, ó sì tún bá wọn wá ọ̀nà tí a kò fi ní gbọ́ ọ.

Ará, ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ dúró sí díẹ̀. Agbára méjì ni ó wà lọ́wọ́ agbèfọ́ba. Ọ̀kan ni láti pe ènìyàn lẹ́jọ́. Èkejì ni láti má pè é. Àkọ́kọ́ ni a ń rí, nítorí ariwo rẹ̀ ń wọ inú ìwé ìròyìn. Èkejì kò ní ariwo. Ẹni tí wọ́n lù pa, tí a kò pe ẹni tí ó lù ú lẹ́jọ́, ẹjọ́ rẹ̀ kò dé ibì kankan tí adájọ́ yóò ti gbọ́ ọ, bí adájọ́ náà tilẹ̀ mọ́ bí omi àfòwúrọ̀pọn.

Kí ẹ má sì rò pé Kenyatta nìkan ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Láàárín ọdún pàjáwìrì wọ̀nyí, ìjọba so ènìyàn 1,090 kọ́ lórí ẹ̀sùn Mau Mau. Wọ́n sọ ọ́ di òfin pé ẹni tí wọ́n bá ká ọta ìbọn mọ́ lọ́wọ́ lè kú nítorí rẹ̀. Àwọn wọ̀nyí kò ní Pritt, wọn kò ní Davies. Ní 2013, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sọ pé ó dun àwọn pé wọ́n fìyà jẹ àwọn ènìyàn ní Kẹ́ńyà, wọ́n sì gbà láti san £19.9 mílíọ̀nù fún àwọn arúgbó 5,228. Owó náà dára fún ẹni tí ó kù láyé. Ẹni tí wọ́n ti so kọ́ kò lè na owó.

Ọba lọ, àga kù

Kenyatta jáde ní 1961. Ó di olórí ìjọba ní 1963, ó di Ààrẹ ní 1964. Ìwọ yóò rò pé ohun àkọ́kọ́ tí yóò ṣe ni kí ó tú àga agbèfọ́ba lára ìjọba. Kò rí bẹ́ẹ̀. Abẹ́ Agbẹjọ́rò Àgbà, tí ó jẹ́ ti ìjọba, ni iṣẹ́ náà wà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Òfin ilẹ̀ Kẹ́ńyà ti 2010 ni ó wá gbé e fún olórí agbèfọ́ba tí ó dá dúró, tí kò gbọdọ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Àwa ńkọ́? Nínú òfin ilẹ̀ wa ti 1999, ìpín 174 àti 211, Agbẹjọ́rò Àgbà ni ó ní agbára láti bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ ọ̀daràn, láti gbà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn, àti láti fòpin sí i kí adájọ́ tó dá a. Ẹni yìí kan náà ni mínísítà tàbí kọmíṣọ́nnà fún ètò ìdájọ́, tí Ààrẹ tàbí Gómìnà yàn, tí wọ́n sì lè yọ. Òfin náà sọ fún un pé kí ó ro ire gbogbo ìlú, kí ó ro òdodo, kí ó má sì jẹ́ kí wọ́n lo kóòtù nílòkulò. Ọ̀rọ̀ dáadáa ni. Ṣùgbọ́n ní 1983, nínú ẹjọ́ Ìjọba àti Ilori, Kóòtù Gíga Jùlọ sọ pé bí ó bá fòpin sí ẹjọ́, kóòtù kò lè bi í léèrè ìdí. Ẹni tí ó yàn án ló lè bá a wí, àti ohùn ará ìlú. Ẹ gbọ́ o: ohùn ará ìlú. Èmi àti ẹ̀yin ni wọ́n ń sọ.

Gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ ìjọba, mo mọ̀ pé ó rọrùn láti sọ pé ọ̀gá ló ní kí n ṣe é. Fáìlì ń bọ̀ láti òkè, ẹni ìsàlẹ̀ ń fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹni tí ó fọwọ́ sí i ni a óò bá lórí ìwé náà nígbà tí àpótí bá ṣí. Griffith-Jones kò mọ̀ pé a óò ka lẹ́tà òun.

Nítorí náà, mo ní ọ̀rọ̀ mẹ́ta fún ìdílé kọ̀ọ̀kan.

Èkíní, ẹ̀yin tí ọmọ yín tàbí ìbátan yín jẹ́ ọlọ́pàá, agbèfọ́ba tàbí lọ́yà ìjọba, ẹ má máa bi í pé ẹjọ́ mélòó ni ó ti borí. Ẹ bi í bóyá ó fi gbogbo ohun tí ó mọ̀ han kóòtù. Bí ó bá sọ fún yín pé òun jọ̀wọ́ ẹjọ́ kan nítorí pé ẹ̀rí kò sí, ẹ yìn ín. Ẹ má pè é ní ọ̀lẹ.

Èkejì, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ra ẹ̀rí lẹ́nu yín. Ó lè má jẹ́ owó. Ti Macharia, ìwé kíkà ni, iṣẹ́ ni, ìtọ́jú ìyàwó àti ọmọ ni. Ohun tí olúkúlùkù wa ń gbàdúrà fún ni wọ́n fi mú un. Bákan náà, ẹ má fọwọ́ sí ìwé tí ẹ kò kà ní àgọ́ ọlọ́pàá. Ẹni tí kò mọ̀wé, kí ó ní kí wọ́n kà á sí òun létí ní èdè tí ó gbọ́.

Ẹ̀kẹta, bí ọmọ àdúgbò bá wà ní kóòtù, ẹ lọ jókòó síbẹ̀. Kapenguria ni wọ́n yàn nítorí pé ojú kò ní pọ̀ níbẹ̀. Agbèfọ́ba tí ó rí ogún ènìyàn ìjọ tí wọ́n jókòó ní àlàáfíà, tí wọ́n ń tẹ́tí sílẹ̀, tí wọ́n sì ń padà wá ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá sún ẹjọ́ síwájú, yóò mọ̀ pé olùjẹ́jọ́ náà ní ènìyàn. Bí kò bá sì sí owó lọ́yà, ẹ bá wọn wá ọ́fíìsì Legal Aid Council lọ. Iṣẹ́ ìjọba ni, fún aláìní ni wọ́n sì dá a sílẹ̀ láti 1976.

Ní ìparí, kò sí ọba Gẹ̀ẹ́sì lórí wa mọ́. Ìlú ni agbèfọ́ba ń bá ṣiṣẹ́ nísinsìnyí, ìlú ló ń san owó oṣù rẹ̀. Bí ó bá dìde ní kóòtù, ó yẹ kí ó gbè fún ẹni tí wọ́n ṣẹ̀, kí ó sì tún gbè fún olùjẹ́jọ́ tí kò bá jẹ̀bi, nítorí àwọn méjèèjì ni ìlú. Bí ó bá gbàgbé, ojúṣe tiwa ni láti rán an létí.